Kílò Méjìdínlọ́gọ́rin Tí Kò Sí Lára Àlàájà Mùtíátù

Àlàájà Mùtíátù Ọládàpọ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, nílé ìwòsàn ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ring Road. Bí wọ́n ṣe kírun ọ̀sán tán, wọ́n sin ín sí Baṣọ̀run. Ìwé pélébé tí ilé ìwòsàn fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí ló pa á. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Èmi tí mò ń kọ èyí ti pé márùndínlọ́gọ́rin, mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ òní, mo sì tún bù kún un. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń pa èèyàn, ta ló gbàgbé mi síhìn-ín?

Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ kí n má fi àwàdà sí i. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àwàdà. Nọ́ńbà ló pa obìnrin yìí. Nọ́ńbà kan péré, tí wọ́n fi bíro kọ sínú fáìlì, tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọdún méje, tó ń dúró dè é.

Títún ìwọ̀n ṣe ni iṣẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá. Ìwọ̀n aládìyẹ yìnyín, ìwọ̀n àwọn tó ń ta ìṣó, ìwọ̀n oníkòkó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì sùn nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó bá ń purọ́, bí mo bá fi ọwọ́ kàn án báyìí, mo ti mọ̀. Ohun tó so èmi àti Àlàájà pọ̀ nìyẹn, ó ti lé ní ogún ọdún. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn yẹn kan náà, ibẹ̀ ló sì ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi bí orí abẹ́rẹ́ yẹ̀, á gbé e sínú táásì, ó di ọ̀dọ̀ mi.

“Bàbá Wándé, nǹkan yìí ń parọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi.”

“Àlàájà tí kò wọkọ̀ òfurufú rí,” mo máa ń dá a lóhùn, “ìwọ̀n náà ń bẹ̀rù rẹ ni. Bóo ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń gbọ̀n.”

Á gbá mi lẹ́yìn ọwọ́. Á jókòó tì mí títí màá fi tún un ṣe, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá fi irin ológún kílò mi dán an wò lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú òṣìṣẹ́ tó jẹ́. Ọmọ tó bá ń ta tìpẹ́tìpẹ́ tí kò gbà kí wọ́n so òun rọ̀, Àlàájà á ní kí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, kó gun ìwọ̀n àgbà. Á kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sílẹ̀. Á ní kí ìyá sọ ọmọ kalẹ̀, kó padà gun ún lóun nìkan. Á yọ ti ìyá kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti ọmọ. Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ kan tí ìyá ọmọ kan ń kánjú, tó ní, “Ẹ kúkú kọ ti oṣù tó kọjá sí i, Màámi, mọ́tò mi ń dúró ní Challenge.” Àlàájà gbójú sókè. “Ṣé ọmú oṣù tó kọjá lo fẹ́ fún un mu lónìí?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin yẹn lọ tán, ó wá sọ fún mi pé: “Orí kílò ni wọ́n ti ń ṣírò oògùn, Bàbá Wándé. Bí mo bá kọ irọ́, dókítà á fi irọ́ mi ṣírò, nọ́ọ̀sì á rọ ọ́ sẹ́nu ọmọ, inú ọmọ yẹn ni òtítọ́ á ti wá hàn.”

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí la sin lọ́jọ́ Ajé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ó ń wọn ọmọ ọlọ́mọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òun. Ó sanra nígbà yẹn, ẹ ò bá rí i, ó kún ẹnu ọ̀nà ni. Á ní kí n lọ mú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn símẹ́ńtì wá. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àdúrà fún un, wọ́n pín ẹran díńdín, mo wá fi ọwọ́ júwe ìwọ̀n àgbà fún un níwájú gbogbo èèyàn. Ó bọ́ bàtà. Ó gun ún. Kílò méjìdínlọ́gọ́rin. A pariwo bí ẹni pé ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó yọ káàdì tirẹ̀, káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀, ó ní, “Ó tán, Bàbá Wándé. Ẹ ti rí mi mú.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ìwọ̀n àgbà yẹn bàjẹ́. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì to páálí lé e lórí. Mo lọ bá ọ̀gá kan níbẹ̀ pé kó jẹ́ kí n bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, spíríńgì lásán ló já. Ó ní kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé. Ó ní ìwé mi kò ní fáìlì tó lè wọ̀. Mo ní kí ó ṣí fáìlì kan fún un. Ó ní fáìlì kì í ṣàdéédéé ṣí. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi dá sí i: ta ló ń bí fáìlì?

Àwọn òṣìṣẹ́ ò wá ní ohun tí wọ́n máa fi wọn àgbàlagbà mọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan, nítorí àyè ìwọ̀n wà lórí ìwé, ọ̀gá ò sì fẹ́ rí àyè tó ṣófo. Wọ́n wá ń ṣí ojú ìwé tó ṣáájú, wọ́n ń da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún da tiwọn kọ. Ìgbà mẹ́tàlélógún ni Àlàájà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárín ọdún méje, ìgbà mẹ́tàlélógún ni wọ́n kọ méjìdínlọ́gọ́rin. Irin ológún kílò mi gan-an, bí ó bá dógùn-ún díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á yí padà. Ìyá àgbàlagbà ni kò yí!

Bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méje yẹn, ọkọ rẹ̀ kú, ìtọ̀ ṣúgà mú un, ó sì rù. Ìró tí kì í ká a tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà rí i. Kí ni mo ṣe? Mo ní, “Àlàájà, má gba ọ̀nà Bódìjà o, bí atẹ́gùn bá fẹ́, Agbowó la máa wá ọ lọ.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wú. Ṣùkúrát, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì dá a dúró. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sí awọ ikùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kílò kan, mìlígíráàmù kan. Ẹni tó bá jẹ́ àádọ́ta kílò, ẹ gún un ní àádọ́ta. Bó bá dín, ẹ̀jẹ̀ á máa dì. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró. Dókítà ṣí káàdì, ó rí méjìdínlọ́gọ́rin, ó fi méjì kún un kó lè rọrùn láti fà, ó kọ ọgọ́rin. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ẹni tó ṣe é fún ni kò sí láyé mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì gbàgbé fáìlì sórí bẹ́ẹ̀dì. Àlàájà kà á. Fóònù mi dún.

“Bàbá Wándé, ẹ gbé ìwọ̀n wá.”

“Ìwọ̀n kẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ tà ọ́ ni?”

“Ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ lónìí. Wọ́n kọ méjìdínlọ́gọ́rin sí mi lọ́rùn. Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, lọ́jọ́ tí a ń ṣeré yẹn. Gbogbo wọn ló ti ń dà á kọ láti ọjọ́ yẹn.”

“Ó ti dáa. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọge padà. Bí mo bá gbé ìwọ̀n wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì mi,” ó ní.

Mo sọ fún un pé kó rọra máa rin pákò. Abẹ́rẹ́ méjì péré ló tíì wọ ara rẹ̀ nígbà tó pè mí. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń nàka sí àwọn ẹlòmíràn kí n lè fi tèmi pamọ́. Ọjọ́ méjì wà lọ́rùn èmi náà, mi ò sì mọ ibi tí màá sọ̀ ọ́ sí.

Ìwọ̀n aládìyẹ yìnyín kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, irú èyí tí wọ́n ń gbé páálí lé nílẹ̀, ni mo fi ọṣẹ fọ̀, mo fi irin mi dán an wò, mo gbé e wọ táásì. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn. “Bàbá, adìyẹ wa dà?” Mo ní adìyẹ wà ní ilé ìwòsàn. Àwàdà tó kẹ́yìn tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ṣùkúrát ká aṣọ kúrò ní ikùn ìyá rẹ̀. Gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ti dúdú, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn kan ti wọ inú ara wọn. Ìtọ̀ tó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti pọ́n bí omi sóbò. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì mọ́ kedere.

Kò lè dá dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí a máa ṣe.

“Ṣùkúrát, pọ̀n mí.”

“Màámi!”

“Pọ̀n mí. Ṣé o ò rí bí mo ṣe ń ṣe é fún wọn ni?”

Ọmọ bẹ̀rẹ̀, mo gbé ìyá lé e lẹ́yìn, mo fi ìborùn rẹ̀ gbá a mọ́ra. Ṣùkúrát gun ìwọ̀n. Kílò márùndínlọ́gọ́fà. A sọ ìyá kalẹ̀. Ṣùkúrát tún gun ún lóun nìkan: mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kí n tó ṣírò rẹ̀ tán, Àlàájà ti dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ padé, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sórí káàdì.

“Mọ́kàndínláàádọ́ta.”

Àádọ́ta ló yẹ kí wọ́n máa gún un. Ọgọ́rin ni wọ́n ń gún. Wọ́n ti gún un lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àwọn abẹ́rẹ́ yẹn wá fún obìnrin kan tó ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn, obìnrin tó kún ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n sì gún gbogbo rẹ̀ sínú èyí tó ṣẹ́ kù.

Ìyá Ẹ̀ríolúwa tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti dìde jókòó. “Bàbá, ẹ bá mi wọn ara tèmi náà, ẹ jọ̀ọ́.” Àádọ́rin ni wọ́n kọ síwájú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wọlé bá wa. Òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, fún aláìsàn méjìlélọ́gbọ̀n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ gbé ìwọ̀n ẹran wọ wọ́ọ̀dù mi?”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàánú wa,” Ṣùkúrát ti kúnlẹ̀. “Mọ́kàndínláàádọ́ta ni Màámi. Ẹ má tíì gún ti ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ bá wa pe dókítà.”

Ó pè é, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ohùn fóònù síta, gbogbo wa gbọ́. Dókítà béèrè pé ìwọ̀n wo la lò. Ṣé ti ilé ìwòsàn ni? Nọ́ọ̀sì ní rárá, sà, ti bàbá kan láti ọjà ni. Ohùn yẹn ní, “Ẹ tẹ̀lé ohun tó wà nínú fáìlì. Màá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọ̀la.”

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ̀, nítorí pé ọjà ló ti wá. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lábẹ́ páálí ni wọ́n gbà gbọ́.

Àlàájà na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà. “Ọmọ mi, wò mí. Ṣé mo jọ méjìdínlọ́gọ́rin lójú ẹ?”

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wolẹ̀. “Màámi, mi ò lè yí ohun tí dókítà kọ.”

Èmi fẹ́ kí Àlàájà pariwo. Mo fẹ́ kó bu ọmọ yẹn lọ́wọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi bẹ àwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n má bá nọ́ọ̀sì jà, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ó yí ojú sí ògiri, ó ká aṣọ ikùn rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ keje wọlé. Bí mo ṣe ń gbé ìwọ̀n mi jáde, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Díẹ̀, ó ní. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ṣùkúrát pè mí: “Bàbá, Màámi ò dáhùn mọ́.”

Àwọn ẹbí ní kí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ń dá, òun ló ń pa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá a mọ kílò rẹ̀. Ẹ má di iṣẹ́ ọwọ́ yín rù ú.

Ṣùkúrát lọ béèrè fáìlì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ó ti gòkè. Èmi àti ẹ̀ lọ lọ́jọ́rú. Wọ́n ní kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kú, ẹsẹ̀ wá hù sára fáìlì rẹ̀! Bí a sì ṣe dúró síbẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan ń gba káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ni kí òun kọ síbi ìwọ̀n. Ẹnìkejì kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, “Kọ ti tẹ́lẹ̀.”

Ó ká mi lára ju òkú lọ. Òkú ti tán nílẹ̀. Ọkùnrin yìí ṣì ń rìn.

Nítorí náà, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ìjọba tí ẹ fi í síbẹ̀. Mi ò béèrè kí ẹ lé nọ́ọ̀sì kan tó dá wà láàárín aláìsàn méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má fi ọmọ yẹn bo ara yín. Ta ló pàṣẹ pé kí àyè ìwọ̀n má ṣófo, tí kò pàṣẹ ìwọ̀n? Ta ló wà lórí àga fún gbogbo ọdún tí ohun èlò yẹn fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Èwo nínú yín ló kọ “ọjọ́ orí” sórí ìwé ikú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún ọ̀rá ìtọ̀? Ẹ yí ìwé ikú yẹn padà. Ẹ kọ oògùn síbẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ fún un àti iye tó yẹ kó gbà. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó di èèwọ̀ láti òní lọ pé kí ẹnikẹ́ni da ìwọ̀n àná kọ. Bí ẹ ò bá wọn èèyàn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò wọ̀n ọ́n, kí dókítà lè mọ̀ pé òkùnkùn lòun ń gún abẹ́rẹ́ sí.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ṣùkúrát àti èmi máa wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Fáìlì ìyá rẹ̀ la wá gbà. Bí ẹ bá ní ó ti sọnù, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé ó sọnù, ẹ kọ ọjọ́ tó sọnù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ sí i níṣojú ọmọ òkú.